Sọ́fítíwíà Ọ̀fẹ́ àti Kòkó Bàbá Mi

Ọjọ́ kan wà tí mo lè di arúgbó kùjọ́kùjọ́, n kò ní gbàgbé rẹ̀, inú sì tún ti ń bí mi báyìí tí mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹ má bá mi wí tí ohùn mi bá le. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ to sọ́fítíwíà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ rí, nílùú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, yóò mọ̀ pé sùúrù ni mo ṣì ń ṣe.

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ìkirè níbí, ìdí nìyẹn tí bàbá mi pàápàá fi ń pè mí ní Tíṣà. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n. Oko wọn wà lọ́nà Ararọ̀mí-Òwu, ṣùgbọ́n iwájú ilé wa ni a ti máa ń sá kòkó, lórí tapólì. Kòkó ọdún tó ṣáájú kò gbẹ dáadáa. Òjò kò jẹ́ kí oòrùn ráyè, olú funfun hù sí i lára, alágbàtà tó máa ń rà á sì da odidi àpò kan sílẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò, ó fẹsẹ̀ tì í, ó ní òun kò ra ìdọ̀tí. Bàbá mi kò jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ kò tún ní bá àwọn mọ́ láyé, àwọn máa mọ ààrò kòkó. Ilé kékeré kan báyìí ni ààrò náà, tí iná máa ń jó lábẹ́ rẹ̀, tí ooru máa gba inú ihò gòkè lọ bá kòkó tí a tẹ́ sókè. Wọ́n ti pe Bọ̀dá Mùrí bíríkìlà, Bọ̀dá Mùrí sì ti gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Èmi ni mo la ẹnu mi tí kì í sinmi yìí.

“Bàbá, ẹ má tíì mọ ọ́n,” mo ní. “Ẹ ò rí ààrò àwọn ará ibí? Kòkó ẹ̀gbẹ́ kan á jóná, tẹ̀gbẹ́ kejì á tutù, èéfín á gba gbogbo rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè fi ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná máa gbà hàn wá kí á tó fi búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì.”

“Tíṣà, kọ̀ǹpútà máa mọlé?” Bọ̀dá Mùrí ló béèrè bẹ́ẹ̀.

“Kò ní mọlé. Ibi tí ihò máa wà ló máa sọ.”

Bàbá mi wò mí bí ẹni tó rán ọmọ níwèé ṣe ń wo ọmọ náà. “Ó máa tó ìgbà wo?”

“Ọjọ́ díẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ó dáa. Mùrí, dáwọ́ dúró ná.”

Bẹ́ẹ̀ ni kòkó ọdún kan ṣe di ohun tó ń dúró de èmi àti kọ̀ǹpútà mi. Ẹ máa rántí pé òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀fẹ́ ni sọ́fítíwíà tí mo fẹ́ lò. Àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé ló para pọ̀ ṣe é, kí ènìyàn lè fi wo bí afẹ́fẹ́, ooru àti omi ṣe ń rìn, wọ́n ní kí ẹni tó bá wù wá mú un, kódà kó tú inú rẹ̀ wò. Ọlọ́run á san wọ́n lẹ́san. Ṣùgbọ́n oúnjẹ sísè kọ́ ni wọ́n gbé kalẹ̀ o. Ata tútù, ẹran tútù àti igi ìdáná tí wọn kò tíì là ni wọ́n kó fúnni, wọ́n ní kí á lọ sè é nílé wa. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló máa ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ, tí yóò wá sọ ọ́ di nǹkan tó ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ti sè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi ti darúgbó, kò gbà á.

Ojú ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Iná kò lọ lórí ẹni tó kọ ọ́ rí láyé rẹ̀, mo lè búra. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni “kàn”. Kàn gbé eléyìí wálẹ̀. Kàn tẹ tọ̀hún. Lẹ́yìn náà, kàn dúró díẹ̀. Kàn! Bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ fún ẹ pé kàn gun ọ̀pẹ, kàn bẹ́ ẹyìn, kàn sọ̀ kalẹ̀.

Mo tẹ ohun tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní òun kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí nǹkan kan bá wà nílẹ̀. Mo lọ wá nǹkan náà. Nǹkan náà ní òun kò lè dúró àfi tí nǹkan mìíràn bá ti wà níbẹ̀ ṣáájú òun. Mo wá ìyẹn náà, ó ní èyí tí mo gbé wá ti tuntun jù, ti àtijọ́ lòun ń fẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ẹbí bá lọ tọrọ ìyàwó, tí bàbá ọmọ ní kí wọ́n lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ná, tí ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n lọ kí ìyá àgbà lábúlé, tí ìyá àgbà ní àwọn kò lè dá dáhùn láìjẹ́ pé ọmọ àwọn tó wà lókè òkun dé. Dátà mi tán, n kò tíì fojú kan ìyàwó. Mo ra òmíràn, òun náà ń tán lọ.

Ìyá mi yọjú láti ẹnu ọ̀nà. “Ta lò ń bá jà látàárọ̀?”

“Kọ̀ǹpútà ni, Mà.”

“Ṣé ó ń dá ẹ lóhùn ni?”

“Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn, Mà. Ó ń dá mi lóhùn.”

Nígbà tí gbogbo àwọn àna gbà tán, ojú ìwé náà ní kí n sọ iye òṣìṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà máa pín iṣẹ́ náà fún, kí wọ́n lè jọ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbọ́, ilé Yorùbá ni wọ́n bí mi sí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ta ló máa ní kí ẹnì kan ṣoṣo máa ro oko nígbà tí ó lè bẹ ọ̀wẹ̀? Mo kọ nọ́ńbà ńlá sí i. Wọn kò sì sọ fún mi pé inú àwo kan ni gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ náà ti máa jẹun, pé àwo náà ni mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà, pé tèmi kò ju àwo ọmọdé lọ. Kò pẹ́ tí fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ojú rẹ̀ gan, kò gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo gbá a létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Níbi tí mo ti ń ronú bí mo ṣe máa pa á, wọ́n mú iná lọ, wọ́n bá mi pa á, nítorí bátìrì inú rẹ̀ ti kú tipẹ́tipẹ́.

Nígbà tí iná dé, mo nu gbogbo ohun tó ti ṣe kúrò, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí ibẹ̀ yẹn, mo ṣì ń padà bọ̀ wá bínú sí i.

Ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó mọ sọ́fítíwíà náà ti máa ń dáhùn ìbéèrè. Mo forí lé ibẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo kọ́kọ́ kí wọn. Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo béèrè àlàáfíà ará ilé, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kòkó bàbá mi, mo sọ bí òjò ṣe ń halẹ̀ mọ́ wa, kí n tó wá béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè nísàlẹ̀, mo sì tún dúpẹ́ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́nránmọ́nrán ni mo fi kọ ọ́. Ìgbà tí mo padà lọ wo èsì, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ti gé ìkíni mi dànù. Ó gé ará ilé, ó gé kòkó, ó gé ọpẹ́. Ó fi ìbéèrè mi sílẹ̀ ní ìhòòhò lórí ìlà kan. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìkíni, kí n lọ ka ojú ìwé àlàyé.

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Irú ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ọmọ yẹn? Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí o. Ènìyàn kí ọ, o ní kí ó lọ ka ìwé! Ẹnì kan mìíràn ló wá ṣàánú mi níbẹ̀, ó ní òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí n fún un, pé yóò pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n yóò parí, bí iná kò bá ṣáà ti lọ.

Bí iná kò bá lọ. Ní Ìkirè.

Ní gbogbo àkókò yìí, kòkó ń ti oko dé. Bàbá mi ń bó o, wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó kan, wọ́n ń kó o wá sílé wá sá, nítorí kò sí ààrò. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń dúró dè mí níwájú ilé.

“Tíṣà, afẹ́fẹ́ náà ti rí ọ̀nà?”

“Ó ku díẹ̀, Bàbá.”

Nígbà tó yá, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo ń gbà jáde lọ síbi iṣẹ́.

Àbúrò bàbá mi kan wà ní Àpòmù, Bàbá Àpòmù ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ní sólà lórí ilé wọn. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, mo gbá kọ̀ǹpútà mọ́ àyà lórí ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n gbà mí tayọ̀tayọ̀. Mo ki wáyà bọ iná, mo fún iṣẹ́ náà ní òṣìṣẹ́ kan, ìlà lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ojú dúdú rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé mo ti já a.

N kò mọ̀ pé bí ilé kan bá ní iná lágbègbè tí kò sí iná, ilé gbogbo ayé ló ti dà. “Ẹ káàsán o, ẹ kú àlejò, ẹ bá mi ki fóònù yìí bọ̀ ọ́.” Mo ki tẹni àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́. Òmíràn dé, òmíràn tún tẹ̀lé e. Èmi náà ń kí wọn padà, mo ń béèrè ọmọ, mo ń gba fóònù, ẹ̀rín wà lẹ́nu mi, ojú mi wà lára kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti kí mi, ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà ní rárá? Lójijì, gbogbo ilé dún “píì”, iná kú, kọ̀ǹpútà mi kú.

“Ta ló fi nǹkan ńlá bọ iná?” Mo pariwo débi tí adìyẹ fi sá.

Obìnrin kan láti ẹ̀yìnkùlé ló yọjú, áyọ́ọ̀nù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin wà léjìká rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, Bàbá Àpòmù ti gbé ọwọ́ sókè.

“Rọra,” wọ́n ní. “Ṣé tìtorí kọ̀ǹpútà ẹ ni wọ́n á ṣe wọ aṣọ rírún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Bàbá, kòkó ẹ̀gbọ́n yín ni mò ń wí o!”

“Kòkó wà nínú kọ̀ǹpútà?”

Mo ká wáyà mi. Bí oòrùn ṣe ràn lọ́jọ́ kejì, mo tún nu gbogbo iṣẹ́ náà kúrò, mo tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Àpòmù fúnra wọn gbé àga síwájú ilé, wọ́n ní áyọ́ọ̀nù kankan kò ní kọjá níbẹ̀. Wọ́n mà ṣe é lóòótọ́. Mo ní kí n sáré jẹun. Nígbà tí mo máa fi padà dé, wọ́n ti pa kọ̀ǹpútà dé, wọ́n sì fi aṣọ mímọ́ bò ó bí ọmọ tó sùn.

“Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ,” wọ́n ní. “Ara ẹ̀ gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo ní kó sinmi díẹ̀.”

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀: bí ènìyàn bá pa irú kọ̀ǹpútà yẹn dé, ó máa ń sùn ni, kì í ṣiṣẹ́ kankan. Láti ìgbà tí mo ti dìde ló ti ń sùn. Kí ni ènìyàn fẹ́ sọ fún àgbà tó ṣe ìtọ́jú nǹkan ẹni? Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá.” Mo wá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo dúró níwájú igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, mo bú igi náà láti orí dé gbòǹgbò. Títí di òní, n kò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo padà wọlé tí mo ṣí kọ̀ǹpútà, ó ń bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dé. Ìyẹn ló sún mi lọ tún ojú ìwé burúkú yẹn kà títí dé ìsàlẹ̀, níbi tí n kò dé rí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ wẹ́rẹ́ báyìí: bí iná bá lọ, má nu nǹkan kan kúrò, òun yóò rántí ibi tó bá iṣẹ́ dé, kàn tún àṣẹ náà tẹ̀. Kàn! Gbogbo ìgbà tí mo ń nu ún tí mo ń bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń da omi ara mi nù. Inú bí mi sí ojú ìwé náà, ó tún bí mi sí ojú mi méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ó parí. Ó parí! Ìlà tó kẹ́yìn yọ, kò sí lẹ́tà pupa tó ń kéde àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Mo fò sókè, Bàbá Àpòmù bá mi jó díẹ̀ láìmọ ohun tí a ń jó sí, mo sì kó sórí ọ̀kadà, ó di Ìkirè.

Oòrùn ń ràn nígbà tí mo délé, oòrùn líle tó máa ń ràn bí òjò bá wà nítòsí. Bàbá àti ìyá mi ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó lórí tapólì. Èyí tó pọ̀ jù nínú kòkó ọdún náà ló wà níbẹ̀, ó ti ń gbẹ bọ̀, ó pọ́n dáadáa, olú kankan kò sí lára rẹ̀. Bọ̀dá Mùrí náà ti yà wá wo ìpìlẹ̀ rẹ̀ tí koríko ti ń hù sí.

“Ẹ máa bọ̀! Ó ti ṣiṣẹ́!”

Ìyá mi wo ojú ọ̀run. Nílé tí wọ́n bá ti sá kòkó, òfin ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wo ojú ọ̀run, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn pàápàá mọ̀ ọ́n. “Ta ló máa dúró ti kòkó?”

“Mà, torí kòkó náà ni mo ṣe ń pè yín. Kò ní pẹ́.”

Gbogbo wọn wọlé. Iná wà lọ́jọ́ náà, mo ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́. Oòrùn ń tàn sójú kọ̀ǹpútà, wọn kò rí nǹkan kan, mo bá ti fèrèsé, mo tún fa kọ́tìnnì sí i. N kò tíì ya ààrò wa sínú rẹ̀, nítorí náà, àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń dán sọ́fítíwíà náà wò ni mo ṣí. Omi ni. Omi tó dúró gíga ní igun àpótí kan, tí wọ́n wá tú sílẹ̀, tó ya lulẹ̀, tó lọ forí sọ ògiri, tó fò sókè, tó padà sẹ́yìn.

“Níbo ni iná wà níbẹ̀?” bàbá mi béèrè.

“Kò tíì sí iná, Bàbá. Omi lèyí.”

“Omi kẹ̀? Kòkó la fẹ́ gbẹ, ìwọ wá lọ bu omi wá.”

“Àpẹẹrẹ ni, Bàbá. Bó bá mọ ìrìn omi, ó máa mọ ìrìn afẹ́fẹ́.”

“Ẹ jẹ́ ká wò ó ná, Bàbá,” Bọ̀dá Mùrí ní. “Omi yìí ń ṣe bí omi lóòótọ́ o.”

Mo tún un ṣe. Bàbá mi sún mọ́ ọn. Nígbà tí omi náà forí sọ ògiri, wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò tíì rí láti ìgbà tí alágbàtà ti fẹsẹ̀ ti kòkó wọn. “Tún un ṣe,” wọ́n ní. Mo tún un ṣe. Mo tún un ṣe títí, orí mi ń wú, mo ń na ìka sí i bí mo ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì.

“Ó tiẹ̀ ń dún,” ìyá mi ní. “Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.”

“Ẹ̀rọ tó gbówó lórí nìyẹn,” Bọ̀dá Mùrí dáhùn.

Mo fi ẹ̀rín tíṣà rín wọn. “Kò lóhùn, Mà. Sọ́fítíwíà yìí kì í…”

N kò parí ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo wa gbójú sókè sí páànù òrùlé lẹ́ẹ̀kan náà.

“Kòkó mi!”

A há sẹ́nu ọ̀nà kí á tó lè jáde. Òjò náà kò bẹ̀rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó ti dé tán. Tapólì ti di odò, kòkó ń léfòó lórí rẹ̀, èyí tó dé etí tapólì ń ya sínú gọ́tà, ó ń bá omi lọ sílé onílé. Bọ̀dá Mùrí ń fi páànù tó fi ń ru kọnkéré gbọ́n ọn. Ìyá mi ń fi ìró kó o. Èmi ń fi ọwọ́ méjèèjì bù ú, ó ń yọ̀ bọ́ láàárín ìka mi. Bàbá mi nìkan ni kò sáré. Wọ́n dúró sínú òjò, wọ́n ń wo omi tó ń forí sọ ògiri ilé wa, tó ń fò sókè, tó ń padà sẹ́yìn.

“Ó jọ ọ́,” wọ́n ní.

Bí wọ́n bá bú mi, ì bá sàn.

Mo wá ẹni tí mo máa bínú sí. Mo bínú sí òjò. Mo bínú sí ẹni tó gé ìkíni mi, sí áyọ́ọ̀nù akọrin, sí gbogbo “kàn” tó wà lójú ìwé náà. Mo yí gbogbo wọn ká, orí ara mi ni mo bá a dé. Èyí tí a rí kó nínú kòkó náà, a yan án lórí iná ìdáná, a sì rí díẹ̀ tà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù hu olú bí ti ọdún tó kọjá. Alágbàtà tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo jáde lọ bá a, mo ní kó fẹsẹ̀ ti èmi, kó fi bàbá mi sílẹ̀.

Bọ̀dá Mùrí mọ ààrò náà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kò béèrè lọ́wọ́ mi. Èmi náà kò jáwọ́, mo ya ààrò náà sínú kọ̀ǹpútà, sọ́fítíwíà náà ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́, ó ní ó yẹ kí ihò èéfín sún sọ́tùn-ún díẹ̀. Mo lọ sọ fún bàbá mi. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà wá tì í sọ́tùn-ún fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí, ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ bí sọ́fítíwíà yẹn: ẹ ka ìwé dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bínú, bí ẹ bá sì fẹ́ pe ará ilé wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ fi ẹnì kan síta kó máa wo ojú ọ̀run. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, bàbá mi á pè mí láti ìyẹ̀wù wọn, wọ́n á ní, “Tíṣà, ṣé omi tìta ni àbí tinú àpótí?” Inú á kọ́kọ́ bí mi, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín á pa mí, ṣùgbọ́n n kì í dúró rín in. Ìgbà tí mo bá kó kòkó wọlé tán ni mo máa ń rẹ́rìn-ín.